Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: yíyí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣọ̀wọ́n kó lè di àwàdà

Ẹyin-Lọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Eré kan wà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ti wọ̀ mí lára. A óò ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, a óò wá ọ̀rọ̀ tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, a óò wá yí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ padà. A lè fi lẹ́tà kan kún un, a lè yọ ọ̀kan kúrò, a sì lè fi ọ̀kan rọ́pò òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹni tó dá ọ̀rọ̀ tuntun náà gbọ́dọ̀ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé inú dikiṣọ́nárì ló ti wà láti ọjọ́ pípẹ́.

Èyí tó dùn mọ́ wọn nínú jù nínú tèmi nìyí. “Somnambulist” ni ẹni tó ń rìn lójú oorun. Mo gé s orí rẹ̀ dànù, ó di “omnambulist”: ẹni tí kò sí ibi tí kì í fẹsẹ̀ rìn dé. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó ka ìtumọ̀ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé “antidiluvian” kalẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń wò mí. Láti ara “antediluvian” ni mo ti mú un, ìyẹn ohun tó ti wà kí ìkún omi ayé Nóà tó dé. Mo ní ó túmọ̀ sí ẹni tí kì í jáde láìmú agboòrùn dání. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá sípẹ́lì ni mo ṣì.

Kí ló dé tí èkíní fi mú wọn, tí èkejì kò sì mú wọn? Báwo lẹ̀yin ṣe ń yan ọ̀rọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún mi, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni.


Ìwé-Ńlá

Àbúrò, o káre. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò mú wọn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Àwọn tó ń kọ “antediluvian” sílẹ̀ máa ń ṣèèṣì fi i sí ipò e yẹn. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí o dá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣìkọ. Kí o tó gbé ọ̀rọ̀ kan jáde, bi ara rẹ léèrè: ṣé ẹni tó ń kánjú lè ṣèèṣì kọ ọ́ báyìí? Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀, wá ibòmíràn yí lára rẹ̀, tàbí kí o fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ní ti yíyan ọ̀rọ̀, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kó má ṣàjèjì. “Borborygmus” ni wọ́n ń pe ariwo tí inú ènìyàn ń pa bí afẹ́fẹ́ bá ń rìn nínú ìfun. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún pè ni, àmọ́ bí o bá yí lẹ́tà kan nínú rẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lójú kò lè mọ ohun tó yí padà lára rẹ̀. Èyí tí mo máa ń wá ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti pàdé nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó mọ̀ bó bá rí i, àmọ́ tí kì í ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde.

Wo “petrichor”. Òórùn tó máa ń jáde láti ara ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ kán sí i ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Ọsirélíà, Isabel Joy Bear àti Richard Thomas, ló dá ọ̀rọ̀ náà nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 1964. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún òkúta, wọ́n fi “ichor” mọ́ ọn, ìyẹn omi tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ gbà pé ó ń ṣàn nínú iṣan àwọn òrìṣà wọn dípò ẹ̀jẹ̀. Èmi fi o rọ́pò i àárín yẹn, mo ní “petrochor”: òórùn tó máa ń gbalẹ̀ kan nígbà tí epo bẹntiróòlù bá kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Òórùn ṣì ni òórùn, ilẹ̀ ṣì ni ilẹ̀, ohun tó kán sílẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ìdí tí “omnambulist” rẹ fi mú wọn náà nìyẹn. Ìrìn ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò kú, ó kàn sún díẹ̀ ni.


Kọ́lẹ́tà-jọ

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wí. Mo fẹ́ fi kún un pé kí ẹ yẹra fún ọ̀rọ̀ kúkúrú. Bí o bá yí lẹ́tà kan nínú “cat”, o ti bọ́ sórí “bat”, “hat”, “cut”, “car” tàbí “can”. Gbogbo ilé tó yí i ká ló ti ní onílé. “Palimpsest” ńkọ́? Kò ní aládùúgbò kankan. Ibi yòówù tí o bá fọwọ́ kàn lára rẹ̀, ilẹ̀ òfìfo lo máa bá. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ gígùn tó ṣọ̀wọ́n dára fún eré yìí nìyẹn.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà fún àwọn olùfẹ́ àdììtú ọ̀rọ̀, National Puzzlers' League. Ọdún 1883 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì ṣì wà. Wọ́n ní orúkọ fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń dín lẹ́tà kù: “beheadment” ni kí o bẹ́ lẹ́tà orí, “curtailment” ni kí o gé ti ìdí, “deletion” ni kí o yọ ọ̀kan láàárín. Lójú tèmi, bíbẹ́ orí ló ṣòro jù, torí orí ọ̀rọ̀ ni ojú fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Àmọ́ bó bá bọ́ sí i, kò sí èyí tó dùn tó o. Ẹyin-Lọ̀rọ̀, ohun tí o ṣe sí “somnambulist” kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ́ nínú yíyọ lẹ́tà, kó fi “startling” ṣeré. Yọ l, ó di “starting”. Yọ t kejì, ó di “staring”. Yọ a, ó di “string”. Yọ r, “sting”. Yọ t, “sing”. Yọ g, “sin”. Yọ s, “in”. Yọ n, ó ku “I” nìkan. Lẹ́tà mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án, kò sì sí èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi nínú wọn. Èyí kì í ṣe eré tiwa gan-an, torí tiwa ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí nílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́ ojú láti rí ọ̀rọ̀ kékeré tó farapamọ́ sínú ọ̀rọ̀ ńlá.


Elétí-Gbáròyé

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ojú lẹ fi ń wò ó. Èmi, etí ni mo fi ń gbọ́ ọ. Orí fóònù làwa ti ń ṣe eré yìí, kò sí ẹni tó ń rí sípẹ́lì. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ní láti pe lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ti kú lójú mi.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì kì í dún ketekete ní gbogbo ibi. Sílébù tí wọn kò bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀, ìró inú rẹ̀ á kàn rọ̀ dòò, ì báà jẹ́ a, ì báà jẹ́ e tàbí o. Ohun tó ṣe “antidiluvian” nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wa Ìwé-Ńlá, ẹ forí jì mí, “petrochor” yín náà ní díẹ̀ nínú àìsàn yẹn. Kọ́ńsónáǹtì ló máa ń kéde ara rẹ̀. “Taciturn” ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Fi b rọ́pò t kejì: “taciburn”, ìbínú ẹni tó dákẹ́ síbẹ̀ tí gbogbo inú rẹ̀ ń jó. “Obfuscate” ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídíjú bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Fi p rọ́pò t: “obfuscape”, kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ dídíjú sá fún ìbéèrè tí wọ́n bi í. Ẹ pe méjèèjì sókè kí ẹ gbọ́. Sílébù tó gbẹ̀yìn ni ìyípadà wà, ìró ibẹ̀ sì kún rẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bèèrè pé kí lo wí.


Ìwé-Ńlá

Elétí, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ nípa fáwẹ́lì, mo sì fẹ́ràn “obfuscape” gan-an. Àmọ́ n kò ní gbà pé ọ̀rọ̀ tí etí kò gbọ́ ti kú. “Misanthrope” ni ẹni tó kórìíra ọmọ aráyé. Fi s kan sí i: “missanthrope”, ẹni tí àárò ọmọ aráyé ń sọ. Bí o bá pè é lẹ́nu, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Bí o bá kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà kan ti yí ìkórìíra padà di ìfẹ́. Ṣé kí n da irú nǹkan báyìí nù nítorí fóònù? Ká má rí i.


Elétí-Gbáròyé

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí “missanthrope”. Ó dùn ju tèmi lọ. N kò kàn ní lè lò ó níbi tèmi ni. Ó dà bíi pé kí oníkálùkù kọ́kọ́ mọ ibi tí òun ti fẹ́ lo ọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.


Gègé-Aró

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀ nìkan, ẹ kò tíì mẹ́nu ba ìtumọ̀. Mo ti rí ọ̀rọ̀ rere tí ìtumọ̀ burúkú pa. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú eré yìí, ibẹ̀ ló wà.

Kọ́lẹ́tà-jọ dárúkọ “palimpsest”, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Awọ ẹran tí àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ ti kọ nǹkan sí ni, tí wọ́n wá ha á nù kí wọ́n lè kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Ìkọ̀wé àkọ́kọ́ máa ń hàn fírífírí lábẹ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí díẹ̀ nínú iṣẹ́ Archimedes gbà padà: wọ́n dà á kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá, wọ́n ha á nù ní ọ̀rúndún kẹtàlá láti fi awọ rẹ̀ ṣe ìwé àdúrà, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ṣì ka ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó yẹ ká mọ gbogbo èyí kí a tó fọwọ́ kan lẹ́tà kankan.

Ó yá, yọ s àkọ́kọ́ kúrò. Ó di “palimpest”. “Pal” wà níwájú, ọ̀rẹ́ nìyẹn. “Pest” wà lẹ́yìn, ayọnilẹ́nu nìyẹn. Orí àti ìdí ti pé.

Ẹni tó bá ń kánjú á kọ ọ́ pé: ọ̀rẹ́ tó máa ń yọni lẹ́nu. Kò burú, àmọ́ níbo ni awọ tí wọ́n ha wà? Ìtumọ̀ yẹn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ pátápátá, ó kàn tún “pal” àti “pest” sọ lásán ni. Ẹlòmíràn á ní: ọ̀rẹ́ ayọnilẹ́nu tí ènìyàn pa rẹ́ kúrò nínú ayé rẹ̀, àmọ́ tó ṣì ń hàn lábẹ́ bí ìkọ̀wé tó wà lára awọ àtijọ́. Eléyìí rántí awọ, àmọ́ ó ti ń ṣe olùkọ́. Ó ń sọ fún òǹkàwé bí àwàdà náà ṣe ń ṣiṣẹ́, òǹkàwé kò sì ní ohun tí yóò fúnra rẹ̀ rí mọ́.

Ohun tí èmi yóò kọ nìyí. Palimpest, ọ̀rọ̀ orúkọ: ọ̀rẹ́ tó pè ọ́ títí o fi pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, tí o sì tún dá nọ́ńbà náà mọ̀ bó ṣe yọ lójú fóònù. Pípa rẹ́ wà níbẹ̀, ohun tó ń hàn lẹ́yìn pípa rẹ́ wà níbẹ̀, a kò sì dárúkọ awọ rárá. Ẹni tó mọ “palimpsest” á rí i fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣì lè rẹ́rìn-ín torí pé òun náà ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ ọ́ bí dikiṣọ́nárì ti ń sọ ọ́: irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, gbólóhùn kan, àmì ìdánudúró. Ẹ má fi “haha” sí ìdí rẹ̀.


Ẹyin-Lọ̀rọ̀

Ẹ̀gbọ́n Gègé-Aró, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo ti da èyí kọ sínú ìwé mi. Ìbéèrè kan ṣì kù: báwo lẹ ṣe ń rí ibi tí “pest” lè wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ńlá? Èmi a jókòó ti dikiṣọ́nárì, a máa ṣí ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn títí oorun á fi gbé mi.


Apààlọ́

Máa rìn ín látẹ̀yìn. Má bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ ńlá. Kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ní ìtumọ̀ tó lágbára sílẹ̀ lọ́wọ́ kan: “burn”, “mate”, “moan”, “pest”, “bilge”, “soap”. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ọ̀rọ̀ gígùn tó fi lẹ́tà kan péré yàtọ̀ sí wọn níbì kan nínú ara rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì lè bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìkànnì kan wà tí wọ́n ń pè ní OneLook, tó máa ń wá ọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀, àmì ìràwọ̀ dúró fún lẹ́tà iyekíye, àmì ìbéèrè sì dúró fún lẹ́tà kan ṣoṣo. Bí o bá tẹ *?urn, yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó parí sí “urn” wá fún ọ, “taciturn” á sì wà láàárín wọn. Tẹ *i?ate, wàá rí “procrastinate”, ìyẹn kí ènìyàn máa fi iṣẹ́ òní dọ̀la. Fi m rọ́pò n rẹ̀, “procrastimate”: ẹni tí ẹ jọ gbà pé iṣẹ́ náà lè dúró di ọ̀la. Ojú mi ló yan èyí tó dára nínú èsì, ẹ̀rọ kò lè bá mi yan ìyẹn.


Olùkọ́-Èdè

Ohun tí Apààlọ́ sọ wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún wà tí mo fẹ́ràn jù ú lọ: mọ gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣọ̀wọ́n ló wá láti inú Látìn àti Gíríìkì, a sì lè tú wọn palẹ̀. Nínú “somnambulist”, “somnus” ni oorun, “ambulare” ni rírìn. Nígbà tí s kúrò, “omn” tó ṣẹ́kù jọ “omnis”, tó túmọ̀ sí gbogbo. Bóyá Ẹyin-Lọ̀rọ̀ rò ó tàbí kò rò ó, gbòǹgbò kan ló yọ tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun náà sì dúró ṣinṣin bí ẹni pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló dá a.

“Defenestration” ni kí a ju ènìyàn tàbí nǹkan gba ojú fèrèsé jáde. “Fenestra” ni fèrèsé ní èdè Látìn. Èyí tó lókìkí jù ṣẹlẹ̀ ní ìlú Prague ní ọdún 1618, nígbà tí wọ́n ju àwọn aṣojú ọba láti ojú fèrèsé ààfin, tí ìyẹn sì wà lára ohun tó tan iná Ogun Ọgbọ̀n Ọdún ní Yúróòpù. Fi r rọ́pò d orí rẹ̀: “refenestration”, kí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé gba ojú fèrèsé padà wọlé. Lẹ́tà kan ni, àmọ́ “de” ń tì í síta, “re” ń fà á padà. Gbólóhùn ìtumọ̀ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti “nostalgia”. Dókítà kan, Johannes Hofer, ló dá ọ̀rọ̀ yẹn ní ọdún 1688. Ó fi “nostos”, pípadà sílé, mọ́ “algos”, ìrora, ó sì lò ó fún àìsàn àwọn tí àárò ilé ń pa lókè òkun. Fi r kan sí àárín: “nostralgia”. Ihò imú ti wọ inú rẹ̀, torí “nostril” ni gbogbo ènìyàn yóò rántí. Ìtumọ̀: àárò tó máa ń dìde nígbà tí òórùn kan bá ṣàdédé gba imú rẹ kọjá, tí o sì rí ara rẹ níbi tí o ti kúrò tipẹ́. Kò pani lẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Ta ló sọ pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ pani lẹ́rìn-ín? Nǹkan yẹn wà láyé, kò kàn ní orúkọ ni.


Akẹ́kọ̀ọ́-Kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Mo ń múra ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ṣé irú eré yìí kò ní da sípẹ́lì rú mọ́ mi lójú?


Kọ́lẹ́tà-jọ

Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ bí o bá ń kọ ọ̀rọ̀ gidi sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kí tuntun tó wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. O kò lè yí lẹ́tà kan nínú “lugubrious” láìmọ ipò tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n kọ nítorí eré yìí ni.

Ohun tí mo máa bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má ṣe da àwọn ọ̀rọ̀ àdábọwọ́ yìí mọ́ inú ìwé tí ẹlòmíràn yóò gbà gẹ́gẹ́ bí òótọ́. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí dikiṣọ́nárì ńlá Webster tó jáde ní ọdún 1934. Ẹnì kan fi káàdì ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ wọn pé lẹ́tà D, ńlá tàbí kékeré, lè dúró fún “density”. Ohun tó kọ ni “D or d”. Ibi tí káàdì ń gbà kọjá lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n so lẹ́tà wọ̀nyí pọ̀, ó di “dord”, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ọdún 1939 ni olóòtú kan tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní orísun kankan bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀. Bí àlàfo méjì péré ṣe bí ọ̀rọ̀ nìyẹn, láìsí ẹni tó ń ṣàwàdà.


Olùkọ́-Èdè

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń ṣe eré yìí láti ayébáyé, àbúrò Akẹ́kọ̀ọ́. “Bird” ti jẹ́ “brid” nígbà kan, r àti i ló gba ipò ara wọn. “Apron” ti jẹ́ “napron”: n orí rẹ̀ lọ bá “a” tó ṣáájú rẹ̀, “a napron” di “an apron”. “Nickname” rin ọ̀nà tó yàtọ̀, òun ló gba n lọ́wọ́ “an”, torí “ekename” ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà má bẹ̀rù. Kọ́ èyí tó wà nílẹ̀ dáadáa ná.


Arìnnàkò

Mo fẹ́ dá sí i níbi tó kan ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ẹ máa ṣèwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ kan, torí eré yìí kì í ṣe ti àná. Ìwé ìròyìn Washington Post ní Amẹ́ríkà ṣe ìdíje ẹ̀fẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan láti ọdún 1993 títí di 2022, Style Invitational lorúkọ rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni kí àwọn òǹkàwé yí lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ tuntun. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó jáde níbẹ̀ ló ń tàn káàkiri lórí ìmeèlì àti WhatsApp títí dòní láìsí orúkọ ẹni tó dá a. Bí o bá rí i pé ẹlòmíràn ti dá tìrẹ, kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀; lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni gbogbo wa ń lò. Dárúkọ rẹ̀ bí o bá mọ̀ ọ́n, kí o sì kọ ìtumọ̀ tìrẹ.

Ẹni tó bá tún ń fẹ́ eré tó le díẹ̀, kó wo “Doublets” tí Lewis Carroll dá sílẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1877 fún àwọn ọmọbìnrin méjì tí kò rí nǹkan ṣe. Ní ọdún 1879 ìwé ìròyìn Vanity Fair bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọn yóò fún ọ, wàá yí lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí èkíní á fi di èkejì, gbogbo àtẹ̀gùn tó wà láàárín sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. Láti “head” dé “tail”: “head”, “heal”, “teal”, “tell”, “tall”, “tail”. Láti orí dé ìrù ní ìgbésẹ̀ márùn-ún.


Ẹyin-Lọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti là mí lóye. Mo lo gbogbo ohun tí ẹ sọ, mẹ́ta rèé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

“Verbiage” ni àpọ̀jù ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí. Mo fi l rọ́pò a: “verbilge”. “Bilge” ni omi ìdọ̀tí tó máa ń gbára jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ìtumọ̀: ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ohun tó nítumọ̀ nínú àsọyé ti jáde tán.

“Sanctimonious” ni ẹni tó ń ṣe bí ẹni mímọ́ jù. Mo fi a sí àárín: “sanctimoanious”. Ìtumọ̀: ẹni tó ń ráhùn pé ẹlòmíràn kò mọ́ tó òun.

“Lugubrious” ni ìbànújẹ́ tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi g kejì sí i: “luggubrious”. Ìtumọ̀: ìbànújẹ́ tó jẹ mọ́ ẹrù ìrìn-àjò.


Elétí-Gbáròyé

“Verbilge” gba gbogbo máàkì lọ́dọ̀ mi. L àti g yẹn máa ń rì sísàlẹ̀ bí a bá pè é. “Sanctimoanious” jẹ́ ti ojú, ó dọ́wọ́ Ìwé-Ńlá.


Ìwé-Ńlá

Ó kọjá lọ́wọ́ mi, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́nu. Gbìyànjú èyí: ẹni tó ń ráhùn láti orí òkè. “Luggubrious” ni kí o padà sí. Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ “tó jẹ mọ́ ẹrù ìrìn-àjò” kò fi ẹnikẹ́ni hàn wá. Ta ni inú rẹ̀ bàjẹ́? Níbo ló wà?


Gègé-Aró

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an lẹ sọ yẹn. Fi ènìyàn kan sínú rẹ̀, kí o sì gbé e dúró síbì kan. Luggubrious, ọ̀rọ̀ àpèjúwe: bí ojú ẹni tó dúró ní pápákọ̀ òfurufú ṣe rí nígbà tí gbogbo ẹrù ti jáde tán, tí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù yípo ti dúró, tí tirẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.


Ẹyin-Lọ̀rọ̀

Mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. “Crepuscular” ló kàn, ìyẹn ohun tó jẹ mọ́ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Mo ti fi e kan kún un, “creepuscular”, mo sì ń wá ohun tó máa ń rá wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti rí i, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ síbí.